Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rìnlélógójì

Ohùn Màmá Ìsẹ́yìn tó kù sí mi lọ́wọ́ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógójì lọ. Ìlù kọ̀ǹpútà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo fi ìlù náà sí i, n kò sì lè yọ ọ́ kúrò. Mo ti gbìyànjú títí. Bí mo bá dín ìlù kù, ohùn Màmá á bá a lọ sílẹ̀. Bí mo bá gbé ohùn Màmá sókè, ìlù á tẹ̀ lé e. Omi tó ti wọ gàrí, ta ló lè yọ ọ́?

Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ló ní irú Màmá bẹ́ẹ̀ nílé, gbogbo wa la sì ní fóònù lápò.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n ó ní àwo orin. Àpótí onígi kan wà ní pálọ̀ wa tó kún fún àwo Haruna Ìṣọ̀lá, Àyìnlá Ọmọwúrà, Yusuf Ọlátúnjí àti Ebenezer Obey. Ẹ̀rọ tó ń lu àwọn àwo náà ti bàjẹ́ kí n tó gbọ́njú, nítorí náà ojú ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n kí n tó fi etí mọ̀ wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá mi fi ń gbọ́ àwọn orin náà. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á ki kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, àwa ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Bí téèpù bá há, báírò la fi ń yí i padà.

Ohun tí mo rántí jù ni pé orin kan kì í tètè parí. Haruna á ṣe àdúrà, á kí ọ̀rẹ́, á kí ìyàwó ọ̀rẹ́, á pa òwe, á kí olówó kan ní ìlú mìíràn, á tún padà síbi tó ti kúrò. A ó gbálẹ̀ tán, a ó nu fèrèsé tán, orin kan náà ni yóò ṣì máa lọ. Mo máa ń rò pé bí orin Yorùbá ṣe rí látayébáyé nìyẹn. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ sí i.

Lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ àwọn orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú lọ́dún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ojú kan àwo ayé ìgbà yẹn kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kó gé e tàbí kó yí àwo sí ojú kejì. Nígbà tí àwo ńlá tí wọ́n ń pè ní LP dé, ojú kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ni àwọn alápàlà, oníjùjú àti onísákárà bá rí àyè na ẹsẹ̀. Orin tí mo fi ń gbálẹ̀ ní kékeré gùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú àwo gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń wọn aṣọ, olórin ló ń rán an.

Tiwa náà ti dé. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni Spotify wọ Nàìjíríà. Lórí rẹ̀, bí èèyàn bá gbọ́ orin dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á kà á pé ó gbọ́ ọ. Bí kò bá dé ibẹ̀, kò wọ ìwé. Ti TikTok tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi gbòde kó tó di pé wọ́n ń fi kún un. Ìdí nìyẹn tí olórin òde òní fi ń gbé ibi tó dùn jù sí iwájú. Bí Haruna bá jí lónìí tó sì ní kí òun fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò wa á ti gbá a kọjá kó tó ṣe àmín.

N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni o. Èmi gan-an wà lára àwọn alátàǹpàkò. Dátà òru ni mo máa ń rà ní hóstẹ́ẹ̀lì, màá sì dùbúlẹ̀ máa gbá fídíò sókè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó tó ọdún mẹ́ta tí n kò gbọ́ ojú kan àwo Haruna parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí oore tí ẹ̀rọ yìí ṣe. Nígbà tí àwo Asake jáde lọ́dún 2022, àwọn ọmọkùnrin tí kì í fẹ́ dáhùn bí mo bá kí wọn ní Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Yorùbá ní balùwẹ̀, ohùn wọn a sì máa lọ bí ti onífújì. Àwọn kan ń wá bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n ti ń bi pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá ṣe, mo di olùkọ́ ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ipele kẹta, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Kí oníkálukú lọ gba ohùn apohùn kan sílẹ̀, kó da ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ kọ, kó sì ṣàlàyé rẹ̀. Olùkọ́ wa rán wa létí pé ohùn àwọn oníjàálá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde lọ́dún 1966, pé ẹni tó bá jókòó sí yàrá kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ. Mo mọ ẹni tí mo máa lọ bá. Màmá tó bí bàbá mi ń gbé ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó sun rárà ìyàwó nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ọ̀yọ́, rárà ìyàwó yìí náà ni àwọn mìíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó. Ìyàwó ló ń sun ún nígbà tó bá fẹ́ lọ ilé ọkọ. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀, á tọrọ àdúrà, á dágbére fún ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ilé tó ń lọ.

Oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni mo lọ. Mo bá Màmá ní iwájú ilé, ìró òfì tí wọ́n ń hun ní agbo ilé kejì ń dún. Mo gbé fóònù sórí àpótí kan níwájú rẹ̀, mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀, mo ní, “Ó yá, Màmá, ẹ máa sun ún.”

Ó wo fóònù. Ó wò mí. Ó ní, “Ta ni màá kí?”

Mo ní, “Ẹ ṣáà máa sun ún, Màmá. Fóònù ń gbọ́ yín.”

Ó ní, “Àkànní, fóònù kì í ṣe ìyá mi.”

Ló bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí ni èmi ń pè é. Ọdún tí ìyá Màmá kú ni wọ́n bí Àǹtí, ẹ mọ irú orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́. Àǹtí jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Màmá ní kó jókòó sórí àga níwájú òun. Eékún Màmá kò gbà á kó kúnlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó tẹrí ba, ó mú ọwọ́ Àǹtí méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun rárà sí i bí ọmọ tó ń dágbére fún ìyá rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ló fi sun ún. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè, ó kí ẹ̀yìn tó fi pọ̀n ọ́n. Ohùn rẹ̀ já láàárín, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ń sunkún láìsọ̀rọ̀. Èmi ńkọ́? Ojú mi wà lára bátìrì. Kò sí iná láti ìdájí, bátìrì mi kò ju ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo ń ka nọ́ńbà tó ń lọ sókè àti èyí tó ń lọ sílẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí fóònù má kú. Bí ẹnì kan bá bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni Màmá sọ, màá ní kó dúró kí n tẹ̀ ẹ́ fún un.

Mo da ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe, mo gba máàkì tó dára. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá máa ń fi láàpútọ́ọ̀pù ṣe ìlù. Ó gbọ́ ohùn Màmá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ibì kan wà níbẹ̀ tó ń ta bí ìlù fúnra rẹ̀. Ó gé e, ó fi ìlù sí i, ó gbé fídíò ojú Màmá lé e. Ó bi mí bóyá kí òun gbé e sórí TikTok. Mo ní kó gbé e. Èmi ni mo fún un láṣẹ, n kò ní di ẹbi náà lé e lórí. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n pe Ìsẹ́yìn kí n bi Màmá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ti wò ó ti lé ní 60,000. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Wọ́n ń nà mí níka ní kíláàsì. Ẹnì kan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé ó rán òun létí ìyá àgbà òun. Ẹlòmíràn bèèrè bóyá ọfọ̀ ni. Àwọn kan fi eyín Màmá tó ti yọ ṣẹ̀fẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ bèèrè nǹkan kan, ohùn náà ni wọ́n mú tí wọ́n fi ń jó. Ọmọbìnrin kan fi polówó wíìgì. Ọmọkùnrin kan fi ń bọ́ bàtà àtijọ́, ó fi ń wọ tuntun.

Bàbá mi pè mí. Kò pariwo. Ó ní, “Àkànní, ta lo bi kí o tó gbé ìyá mi síta?”

N kò rí èsì fọ̀.

Nígbà Iléyá ọdún náà, mo lọ sí Ìsẹ́yìn, mo fi fídíò náà han Màmá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ẹ̀rín ni Màmá kọ́kọ́ rín, ní pàtàkì nígbà tó rí ọmọ oníbàtà. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó ní, “Ibi tí mo ti kí ìyá mi dà?”

Mo ní, “Wọ́n gé e, Màmá.”

“Wọ́n gé e?”

“Ó gùn jù ni, Màmá.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ibẹ̀ gan-an ni ẹkún náà wà.” Ó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, “Ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ, àbí? Má jẹ̀ẹ́ kó sọnù.”

Mo ní, “Kò lè sọnù, Màmá.”

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n jí fóònù mi ní Ìwó Road. Mo ń wọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ni, àwọn èèyàn ń tì síwá sẹ́yìn, nígbà tí mo fi máa fọwọ́ kan àpò, òfo ni. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni owó fóònù. Ó di alẹ́ kí n tó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibì kankan. Mo ti ń sọ pé mo máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá ní dátà tó pọ̀. Mo ní dátà tí mo fi ń wo ijó títí ilẹ̀ ń mọ́, n kò ní èyí tí mo fi máa tọ́jú ohùn Màmá. Mo sáré bá ọ̀rẹ́ mi. Ó ní láàpútọ́ọ̀pù òun ti kún, òun ti pa èyí tó gùn rẹ́, èyí tí òun gé nìkan ló kù.

Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé tó bá di oṣù Kejìlá, mo máa padà lọ gbà á sílẹ̀. Màmá kò dúró de oṣù Kejìlá. Oṣù Kọkànlá ló fi wá sílẹ̀. Musulumi ni wá, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín. Nígbà tí mo fi máa dé Ìsẹ́yìn, wọ́n ti kirun Mọ̀gáríbì, yẹ̀pẹ̀ sì ti bo Màmá mọ́lẹ̀.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti lọ tí èèyàn sì ti jẹun, àwọn àbúrò mi so fóònù mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì tẹ ohùn Màmá. Kò sí èrò ibi lọ́kàn wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìlù ń dún, wọ́n ń jó. Bàbá mi dìde, ó wọlé lọ. Èmi ń wo ilẹ̀.

Àǹtí ló ní kí wọ́n pa á. Gbogbo agbo ilé dákẹ́. Ó jókòó sórí àga tí Màmá máa ń jókòó lé, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi gé e dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kí ìyá. Ó kí oúnjẹ tí ìyá sè. Ó kí ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n. Ibi tó bá ti gbàgbé, àwọn ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ orogún Màmá á bá a gbé e. Kò pé gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe sun ún. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo kọ sínú ìwé lọ, ó sì jìnnà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógójì.

Èmi tí mo lọ gba ohùn sílẹ̀ kò gba nǹkan kan. Àǹtí tí Màmá ń kí, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ Màmá, òun ló gbé e relé.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an láti ìgbà náà. Àwọn àgbàlagbà kan ní ilé wa ní TikTok ló bà á jẹ́. N kò gbà. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rẹ́ mi gé e, tó gbé e síta, n kò bá má ní ohùn Màmá rárá. Àǹtí lè sun ọ̀rọ̀ náà, kò lè fi ọ̀fun Màmá sun ún. Nínú ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ yẹn, ibì kan wà tí Màmá ti mí sínú kó tó gbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí mo bá fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí, mo máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ìlù. Kò sí ẹni tó lè sun èémí yẹn fún mi.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbà pé bí fóònù bá ti gbọ́, èmi náà ti gbọ́. Mo tún gbà pé ohun tí èèyàn 60,000 ti wò kò lè sọnù mọ́. Ohun tí kò sọnù ni èyí tí wọ́n fi ń jó.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ gba ohùn ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í léèrè kí n tó tan fóònù, mo sì tún máa ń bi í kí n tó gbé e síta. Màá sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a wà sínú ohùn náà. Kí n tó sùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà rẹ̀ á ti wà nínú Google Drive, á sì ti wà nínú káàdì mẹ́mórì tí mo fi sọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bí dátà kò bá tó, màá yá. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí máa kàn ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de oṣù Kejìlá.

Èmi àti Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó rárà náà jọ padà. Àwọn ìyá méjèèjì yẹn ń ràn wá lọ́wọ́, wọ́n sì ń jiyàn lórí gbogbo ìlà. Àǹtí fẹ́ fi í ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tó sọ fún mi, mo yára dáhùn pé kó fọkàn balẹ̀, pé màá gba bátìrì tó kún, màá gbà á sílẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ó ní rárá. Ó ní àbúrò wa kan ló máa di fóònù mú.

Mo ní, “Èmi ńkọ́, Àǹtí?”

Ó ní, “Ìwọ, wá jókòó síwájú mi. Mo nílò ẹni tí màá kí.”